Igi gogoro má gùn mí lójú: Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀rọ ìjórin oníwáyà

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, mi ò kà á nínú ìwé nìkan. Inú ilé mi ló ti ṣẹlẹ̀, ojú ọmọ mi ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ san owó ẹ̀kọ́ náà.

Ọjọ́ Sátidé kan ni. Ìkómọ kan kù sí dẹ̀dẹ̀ nínú mọ̀lẹ́bí wa, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ààrò onídúróòmù tá a fi ń yan ẹran ti kán. Mo ní kí n má wulẹ̀ náwó fún ẹnikẹ́ni, torí mo ti ra ẹ̀rọ ìjórin kékeré kan nígbà tí wọ́n ń tajà ní pọ́ọ́kú. Mo gbé e sílẹ̀ nínú gáréèjì, mo de ìbòjú, mo bọ ìbọ̀wọ́, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mi ò mọ̀ pé ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti gba ẹnu ọ̀nà ilé wọlé wá láti sọ fún mi pé oúnjẹ ti délẹ̀. Ó kàn dúró sẹ́yìn mi, ó ń wo iná náà bó ṣe ń kọ yẹ̀rì. Ìgbà tí mo ṣí ìbòjú ni mo tó rí i. Mo ní, "Kí lò ń wò níbẹ̀? Wọlé jàre!" Ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé lọ. A jẹun, a sùn.

Aago méjì òru la gbọ́ igbe. "Dádì, iyẹ̀pẹ̀ wà lójú mi! Mi ò lè lajú!" Ojú ọmọ ti pọ́n, omi ń dà níbẹ̀ wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀. Màámi, tí wọ́n wá kí wa láti Abẹ́òkúta, ní ká lọ tọrọ omi ọyàn lọ́wọ́ ìyá ìkókó, ká kán an sí i lójú. Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ọsibítù la ń lọ." Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan, ó kàn wò mí. Ìwò yẹn ju èébú lọ.

Dókítà ṣàlàyé fún wa pé bí oòrùn ṣe ń jó awọ ara àwọn òyìnbó létí òkun, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ iná ìjórin ṣe ń jó iwájú ẹyinjú. Kì í dunni lójú ẹsẹ̀. Ó lè tó wákàtí mẹ́fà sí méjìlá kó tó bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òru ló sábà máa ń jí èèyàn. Wọ́n fún wa lóògùn, ọjọ́ kejì ojú náà ti ń balẹ̀. Ọlọ́run ló ṣe é. Àmọ́ látọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé, ẹ̀rọ tí mo rà yìí, kí gan-an ni mo mọ̀ nípa ẹ̀?

Irú ẹ̀rọ wo ni?

Àwọn wẹ́dà wa nílé, igi irin gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́kítíróòdù ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń jórin. Tó bá jó tán, wọ́n á fi òmíràn sí i. Èyí tí wọ́n ń tà fún wa níbí yàtọ̀. Róòlù wáyà ló wà nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ ìbọn rẹ̀, wáyà á máa jáde fúnra ẹ̀, iná mànàmáná á sì máa yọ́ ọ mọ́ irin.

Oríṣi méjì ló wà, ẹ má ṣì wọ́n mú fúnra wọn. Àkọ́kọ́ ni ti wáyà gidi tó nílò gáàsì, òun ni wọ́n ń pè ní MIG. Gáàsì ló ń lé afẹ́fẹ́ kúrò lórí irin tó ń yọ́. Fún irin lásán, àpòpọ̀ argon 75 àti carbon dioxide 25 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń lò jù ní Amẹ́ríkà. Èkejì ni wáyà tó ní ẹ̀tù nínú, tí wọ́n ń pè ní flux-core. Èyí tó wọ́pọ̀ lára àwọn ẹ̀rọ kéékèèké kò nílò gáàsì rárá, ẹ̀tù inú ẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Òun ló dáa jù níta, torí atẹ́gùn kò lè gbá ààbò ẹ̀ lọ. Àmọ́ èéfín ẹ̀ pọ̀, ó sì máa ń fi ìdàrọ́ sílẹ̀ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ há kúrò.

Bẹ́ ẹ ṣe máa tò ó

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan nínú ẹ̀, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri.

Ẹ wo inú ìlẹ̀kùn ẹ̀rọ náà, ẹ ó rí ibi tí wọ́n kọ pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù sí. Tó bá jẹ́ wáyà gidi àti gáàsì, ìbọn gbọ́dọ̀ wà lójú pọ́sítíìfù. Tó bá jẹ́ wáyà ẹlẹ́tù tí kò nílò gáàsì, ìbọn á wà lójú nẹ́gétíìfù. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń pariwo pé ẹ̀rọ òun ò dáa, ibí yìí ni wọ́n ti ṣì í.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ìwọ̀n bá ara wọn mu. Tí wáyà bá jẹ́ 0.030 inch, ìyẹn mìlímítà 0.8, típù bàbà tó wà lẹ́nu ìbọn àti ojú kẹ̀kẹ́ kékeré tó ń ti wáyà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti 0.030. Kẹ̀kẹ́ tí ojú ẹ̀ ń dán ni ti wáyà gidi, èyí tó ní eyín wẹ́wẹ́ ni ti wáyà ẹlẹ́tù. Tẹ́ ẹ bá fún kẹ̀kẹ́ náà jù, á fọ́ wáyà pẹrẹsẹ. Tó bá dẹ̀ jù, wáyà á máa yọ̀. Ẹ gbé igi pákó síwájú ẹnu ìbọn, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wáyà gún un. Tó bá ká kọ́rọ́kọ́rọ́ láì dúró, ó ti tó nìyẹn. Ẹ má fi ìbọn kọjú sí ara yín tàbí ẹlòmíràn lásìkò yìí o, wáyà náà mú bí abẹ́rẹ́.

Kíláǹpù, èyí táwọn wẹ́dà nílé ń pè ní áàtì, orí irin tó mọ́ tónítóní ni kẹ́ ẹ fi mú, kó má jìnnà síbi tẹ́ ẹ ti ń jórin. Ọ̀dà àti ìpẹtà kì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa.

Tẹ́ ẹ bá ń lo gáàsì, ẹ fi ṣéènì de sílíńdà mọ́ ògiri tàbí mọ́ kẹ̀kẹ́ ẹ̀, ní ìnàró. Bí ó bá ṣubú tí orí ẹ̀ kán, bí àgbá ogun ló ṣe máa fò. Ẹ fi ọṣẹ àti omi pa ojú ìsopọ̀ ẹ̀, tí ìfófòó bá ń yọ, ó ń jò. Gáàsì tó ń jáde ní ìwọ̀n 20 sí 25 cubic feet láàárín wákàtí kan máa ń tó nínú ilé.

Ojú, awọ àti ilẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Gíláàsì oòrùn kì í ṣe ìbòjú o! Ìbòjú wẹ́dà tí òkùnkùn ẹ̀ tó nọ́ńbà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ ti ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ sọ fáwọn ará ilé pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọlé láì kanlẹ̀kùn. Tó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ ra ojú, ẹ má kán omi ọyàn, epo tàbí omi ṣúgà sí i. Ẹ fi aṣọ tútù bo ojú náà, kẹ́ ẹ gba ọsibítù lọ.

Ẹ wọ aṣọ òwú tó nípọn tàbí aṣọ aláwọ. Ọ̀lọ́nà lásán ni nílọ́ọ̀nù, yíyọ́ ló máa yọ́ mọ́ ara. Ẹ bọ ìbọ̀wọ́ aláwọ tó gbẹ àti bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, kí ṣòkòtò bo bàtà náà lókè. Ẹ má jórin lórí ilẹ̀ tó tutù. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ ran ọkàn ẹ̀ lọ́wọ́, kó béèrè lọ́wọ́ dókítà kó tó sún mọ́ ọn.

Èéfín ò mọ ẹni tó ní owó ìlera

Lọ́dún 2017, IARC, ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ àjọ ìlera àgbáyé, fi èéfín ìjórin sí ìpele kìíní, ìyẹn àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ. Lọ́dún 2019, àjọ HSE ní Bìrìtìkó kìlọ̀ pé èéfín irin lásán pàápàá wà nínú ẹ̀. Torí náà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì, ẹ jẹ́ kí fáànù fa èéfín kúrò níwájú yín, ẹ má sì tẹ orí bọ inú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń lo gáàsì, kí fáànù má fẹ́ sójú ibi tẹ́ ẹ ti ń jó o gan-an.

Irin tí wọ́n fi síńkì bò, tó máa ń dán bíi páànù, ẹ há síńkì náà kúrò kẹ́ ẹ tó jó o. Ẹni tó bá fa èéfín ẹ̀ símú, nígbà tó bá dalẹ́, ara á máa gbọ̀n, orí á máa fọ́ ọ, á sì rò pé ibà ló dé.

Èyí tó le jù ni oògùn tí wọ́n fi ń fọ bíréèkì mọ́tò. Èyí tó ní chlorine nínú, tí ìmọ́lẹ̀ àti ooru ìjórin bá kàn án, ó lè di gáàsì fosgene, irú èyí tí wọ́n fi pa èèyàn nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ẹ má fi fọ irin tẹ́ ẹ fẹ́ jó láéláé.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn

Iná tó ń ta lára irin lè dé ibi tó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 35. Kí pépà, páálí, epo bẹntiróòlù ẹ̀rọ ìgékoríko àti àpótí aṣọ tẹ́ ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé má wà nítòsí. Ẹ gbé agolo ìpaná pupa sítòsí. Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ má lọ sùn. Àjọ OSHA ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n ṣọ́ ibẹ̀ fún ìdajì wákàtí, ó kéré tán. Èmi máa ń ṣọ́ ọ fún odidi wákàtí kan, torí iná tó sá pamọ́ sínú pákó máa ń pẹ́ kó tó jáde.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe ààrò ẹran, ẹ fetí sílẹ̀. Dúróòmù tó ti gbé epo tàbí kẹ́míkà rí, bó ṣófo pàápàá, ẹ má fi iná kàn án. Afẹ́fẹ́ epo inú ẹ̀ lè bú gbàù. Fífi omi ṣan án lásán kò tó.

Ìtọ́jú ẹ̀

Etí ni olùkọ́ tó dáa jù. Tí iṣẹ́ bá ń lọ dáadáa, ó máa dún bí ẹran tó ń dín nínú epo. Tó bá ń ti ìbọn padà sí yín lọ́wọ́, wáyà ń yára jù. Tó bá ń yọ́ mọ́ típù, ó ń falẹ̀ jù. Wáyà tó yọ lẹ́nu típù kó jẹ́ ìdajì inch sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin inch fún wáyà ẹlẹ́tù, ó kéré jù bẹ́ẹ̀ fún wáyà gidi. Tó bá jẹ́ èyí tó ń fi ìdàrọ́ sílẹ̀, ẹ máa fà á sẹ́yìn, ẹ má tì í.

Ẹ̀rọ kékeré máa ń sinmi. Tí wọ́n bá kọ 20 nínú ọgọ́rùn-ún lórí amp 90 sí i lára, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé, nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìṣẹ́jú méjì péré lẹ lè fi jórin ní amp yẹn, mẹ́jọ tó kù á fi tutù. Ẹ má fi wáyà iná tó tín-ín-rín, tó gùn gbọọrọ, gbé iná fún un, gbígbóná ló máa gbóná.

Ẹ máa há irin tó ta mọ́ nọ́súlù kúrò. Tí ihò típù bá ti fẹ̀, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, owó kékeré ni. Nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ róòlù wáyà, ẹ fi afẹ́fẹ́ fẹ́ inú láínà tí wáyà ń gbà kọjá. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rinrin mú wáyà, ìpẹtà ẹ̀ ló ń ba láínà jẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ń rò ó pé, "Kí n fi sínú kọ̀nténà fún àbúrò mi tó ń kọ́ṣẹ́." Ọ̀rọ̀ tó dáa ni, àmọ́ ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà ná. Tó bá jẹ́ volt 120 nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kó tì í bọ ògiri nílé, torí volt 230 sí 240 là ń lò ní Nàìjíríà. Ọjọ́ náà ló máa jó. Èyí tí wọ́n kọ 120 àti 240 sí lára ló dáa kẹ́ ẹ rà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I pass my neighbour" kò sì lè gbé e. Èyí tó ń lo wáyà ẹlẹ́tù ló máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù, torí kò ní í wá gáàsì kiri. Ẹ fi ìbòjú gidi, ìbọ̀wọ́ àti róòlù wáyà méjì sínú páálí kan náà. Ẹni tó fún ọmọ ní ọ̀bẹ láì fún un ní àkọ̀, kò tíì fún un ní nǹkan kan.

Ààrò wa ṣì wà. A yan ẹran níbi ìkómọ náà, ó sì dùn. Ọmọ mi máa ń bi mí pé ìgbà wo lòun náà máa kọ́ ọ. Mo ti ra ìbòjú kékeré fún un. Ọjọ́ tó bá de é, tó sì mọ̀ pé òun ò gbọ́dọ̀ ṣí i, ọjọ́ náà la máa bẹ̀rẹ̀. Títí dìgbà náà, ilẹ̀kùn gáréèjì máa wà ní títì.

Ojú lọba ara. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká fi ojú ra irin o. Ó dìgbà kan ná.