Ohun tí Ìyá Mọ̀: Ilé, Ilé-Ẹ̀kọ́ àti Ọmọ tí ó ní Ọ́tísíìmù

Ní ọdún 1943 ni Leo Kanner, oníṣègùn ọpọlọ fún àwọn ọmọdé ní Baltimore, kọ ìròyìn nípa àwọn ọmọ 11 tí ìṣesí wọn yàtọ̀. Lára ohun tí ó ṣàkíyèsí ni pé wọn a máa tún gbólóhùn tí wọ́n gbọ́ sọ láìyí ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ inú rẹ̀ padà. Bí ó bá jẹ́ èdè tiwa ni, ìyá yóò bi ọmọ pé, “Ṣé o fẹ́ mu omi?” ọmọ yóò sì fèsì pé, “O fẹ́ mu omi.” Àlejò yóò ní àfojúdi ni, ìyá mọ̀ pé òùngbẹ ni.

Ìgbà kan wà tí àwọn ọ̀mọ̀wé kò ka ìmọ̀ yìí sí. Bruno Bettelheim, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1967, di ẹ̀bi náà ru àwọn òbí, ìyá ní pàtàkì. Bernard Rimland, tí ọmọ tirẹ̀ ní ọ́tísíìmù, ti wí ní 1964 pé ara ni ó ti wá, kì í ṣe àìtọ́jú. Ìwádìí ti dá Rimland láre. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá gbà pé òbí ni ó ba ọmọ jẹ́, kí ni yóò bèèrè lọ́wọ́ òbí?

Ní North Carolina, Eric Schopler yí ètò náà padà: òbí a wo bí olùkọ́ ti ń kọ́ ọmọ, lẹ́yìn náà olùkọ́ a wo òbí. Ní 1972 ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi òfin gbé iṣẹ́ yìí ró.

Bettelheim kò dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n èrò rẹ̀ wà lẹ́nu wa. Ọmọ tí kì í wo ojú àgbà, ọmọlúàbí ni a ń pè é, nítorí náà àmì tí òyìnbó tètè ń rí lè fara sin fún wa. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà kọ̀ láti kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, kíá ni a ó ní wọn kò kọ́ ọ nílé.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. “Omi” ni ó ń gbọ́ nílé. Ní kíláásì, ọ̀rọ̀ Gẹ́ẹ́sì ni. Ọmọ mìíràn yóò kọjá lórí èyí láìfura, ṣùgbọ́n ọmọ tiwa yìí lè máa rò pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Kí olùkọ́ bi ìyá léèrè: ọ̀rọ̀ wo ni ẹ ń lò? Ariwo wo ni ó ń dẹ́rù bà á? Kí wọ́n fi ìwé kékeré kan sínú àpò ọmọ, kí olùkọ́ kọ ti ọ̀sán síbẹ̀, kí ilé kọ ti alẹ́. Bí ìyá kò bá mọ̀wé, kí ó yàwòrán, tàbí kí ó sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ ní òwúrọ̀, kí olùkọ́ sì dúró gbọ́.