Kí A Tó Bú Tíṣà, Ẹ Jẹ́ Kí A Wo Rẹ́jísítà

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, àwọn tí ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, ni mo gbé wá lónìí. Ẹ gbọ́ ẹjọ́ tèmi mọ́ ọn, nítorí mo wà lára àwọn tí ó jẹ̀bi.

Nígbà tí èsì ìdánwò àṣekágbá JSS 3 bá jáde ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun wa yìí, ohun tí à ń gbọ́ ní ìdí ọjà àti ní ẹnu ọ̀nà mọ́sáláásí kò ju ọ̀kan lọ: àwọn tíṣà ìjọba kò kọ́ ọmọ. Èmi náà ti sọ ọ́ títí. Àfi ìgbà tí tíṣà kan, ọmọ ìjọ wa, mú rẹ́jísítà kíláàsì rẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn ìrun Àsùrì. Ó ní, "Ààfáà, ẹ má bínú o, ẹ bá mi wo àwọn ọjọ́ tí àwọn ọmọ yìí kò wá." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka ọjọ́. Ọjọ́ ọjà ni púpọ̀ nínú wọn. Nígbà tí mo dé àwọn ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, ara mi bù máṣọ: àwọn òwúrọ̀ tí èmi fúnra mi kó ọmọ ilé-kéwú lẹ́yìn lọ sí ibi ìsọmọlórúkọ àti àdúà òkú ni.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ìṣirò kò ṣòro fún yín. Ọjà ọrọọrún, ọjọ́ kan nínú ọjọ́ mẹ́rin ni tirẹ̀. Táàmù tí ó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ 12 ní ọjọ́ ẹ̀kọ́ 60. Ọmọ tí ó bá ń bá ìyá rẹ̀ ru ẹrù ní gbogbo ọjọ́ ọjà yóò pàdánù bíi 15 nínú rẹ̀. Ní ọdún kan, ó di 45, èyí ni ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Kí ó tó fi ọdún mẹ́ta parí JSS 3, ó ti di ọ̀sẹ̀ 27, ó ju táàmù méjì gbáko lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe ìṣirò yìí kí n tó gbà á gbọ́. A kò sì tíì ka ọjọ́ Jímọ̀, tí àwọn ọmọkùnrin ń jáde lọ kírun tí wọn kì í padà mọ́. Ta ni nínú yín tí yóò ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa ní ọjọ́ kan nínú mẹ́rin, tí yóò máa retí èrè ẹni tí ó ń ṣí i lójoojúmọ́?

Àwọn ọjọ́ mìíràn wà tí apá òbí kò ká. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, nígbà tí ìjà ilẹ̀ mú kí ìjọba pàṣẹ kónílé-ó-gbélé ní Ìfọ́n, Ìlobùú àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, kò sí ẹni tí ó lè rán ọmọ jáde. Ti ọjà yàtọ̀ sí èyí.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí ó kù nínú kíláàsì náà. Ọmọ aláta ni, ọmọ télọ̀, ọmọ ọlọ́kadà, ọmọ àgbẹ̀, àti àwọn tí ìyá àgbà ń tọ́ nítorí òbí wọn wà ní Èkó. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó rí já jẹ ti kó ọmọ tiwọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni. Àwọn Alhaji tí ó ń jókòó ní sàfù iwájú náà ṣe bẹ́ẹ̀ (n kò dárúkọ ẹnì kan), ohùn wọn ni ó sì ń le jù bí a bá ń bú tíṣà.

Ní ìgbà Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ìjọba Ọ̀ṣun pín ilé-ẹ̀kọ́ sí mẹ́ta, wọ́n sì pe ti àárín, láti kíláàsì karùn-ún dé ìkẹsàn-án, ní Government Middle School. Oúnjẹ ọ̀sán tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2012, kíláàsì kẹrin ni ó parí sí. Ọdún tí oúnjẹ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ gan-an ni ọrùn rẹ̀ le tó láti ru igbá. Ní 2020, Gómìnà Gboyega Oyetola dá ètò náà padà sí 6-3-3-4 ti àtijọ́. Orúkọ yí padà, igbá wà lórí ọmọ síbẹ̀.

Ní June 2016, ilé-ẹjọ́ gíga ní Òṣogbo dá wa láre pé ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè wọ híjáàbù ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Mo dúpẹ́ lọ́jọ́ náà, mo sì ń dúpẹ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n n kò rántí pé ẹnì kan nínú wa béèrè iye àwọn ọmọbìnrin náà tí ó yege nínú ìṣirò.

Ẹ̀rù kan wà nínú àwọn baba wa tí a kò gbọdọ̀ fi ṣe ẹlẹ́yà. Nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní January 1955, ọwọ́ àwọn míṣọ́nárì ni púpọ̀ nínú ilé-ẹ̀kọ́ wà, ọmọ tí ó wọ ibẹ̀ ní Ràímì sì lè jáde ní Raymond. Nítorí irú rẹ̀ ni wọ́n ṣe dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní 1923. Bàbá mi ní ẹ̀rù yìí. Mo wọ sẹ́kọ́ńdìrì nínú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Gómìnà Bọ́lá Ìgè, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. N kò kọjá kíláàsì kẹta tí ó fi mú mi lọ sí ilé-kéwú ní Ìbàdàn. N kò kábàámọ̀ kéwú. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí báǹkì bá fún mi ní fọ́ọ̀mù, ọmọ ni mo ń pè kí ó wá bá mi kà á.

Mo ti yí àkókò kéwú mi padà sí ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn Àsùrì, àti òwúrọ̀ Sátidé àti Sọ́ńdè. Bí ìsọmọlórúkọ bá bọ́ sí ọjọ́ ilé-ẹ̀kọ́, àgbà ni mo ń mú dání. Àwọn onínàwó kan ń kùn pé ohùn wa kò pọ̀ mọ́, sàráà sì dín kù díẹ̀.

Ìyá kan tí ó ń ta èlùbọ́ bi mí pé, "Ààfáà, bí ọmọ yìí kò bá bá mi ru ẹrù, ta ni yóò rù ú?" N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. A padà jókòó sọ ọ́. Nísinsìnyí, ẹrù ń dé ìsọ̀ kí agogo méje tó lù, ọmọ náà yóò wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀, yóò sì gba ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Tíṣà náà ní kí n wá wo rẹ́jísítà ní ìparí táàmù yìí. Mo ti ní èmi yóò wá.