Ẹ Di Okùn Mú, Ẹ Jẹ́ Kí Àbùùbùtán Wá

Ọ̀rọ̀ àbùùbùtán ni a mú wá lónìí. Ẹ fetí sí orúkọ náà dáadáa: ohun tí a bù, tí a tún bù, tí kò tán. Nínú ìdílé rẹ̀ ni ẹranko tó tóbi jù lọ láyé wà. Bó ti ń gbé inú omi nì, kì í ṣe ẹja. A máa yọrí síta láti mí, a máa bímọ, a sì máa fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú.

Ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kí orúkọ náà di irọ́. Láàárín ọdún 1900 sí 1999, àwọn ọdẹ orí òkun pa àbùùbùtán tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 3 nítorí òróró àti ẹran ara wọn. Ohun tí a ní kò ṣeé bù tán ti ń tán lọ. Ní 1982 ni ìgbìmọ̀ àgbáyé tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà pinnu pé kí a dáwọ́ pípa wọn fún títà dúró, ìpinnu náà sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní 1986. Àwọn orílẹ̀-èdè díẹ̀, bí Norway àti Japan, ṣì ń pa wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ti jáwọ́.

Lóde òní, ọ̀nà mìíràn ti wà láti rí owó lára àbùùbùtán láìta ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ènìyàn a máa san owó láti lúwẹ̀ẹ́ nítòsí rẹ̀. Ṣé kò wá sí ewu nínú èyí? Ewu wà. Bí ọkọ̀ mẹ́wàá bá ń lé ẹranko kan kiri látàárọ̀ dalẹ́, ìgbà wo ni yóò sinmi? Ìgbà wo ni ìyá yóò fún ọmọ lọ́mú?

Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ti ń ṣe é ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Ní etí òkun Queensland níbẹ̀ ni Great Barrier Reef wà, ìyẹn àwọn òkìtì iyùn inú omi tó gùn ju kìlómítà 2,300 lọ. Ìyẹn ju ìlọ́po méjì ọ̀nà Èkó sí Kánò lọ. Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje ọdọọdún, irú àbùùbùtán kan tí a ń pè ní mínkì kékeré máa ń wá síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín jẹ: ó lè gùn tó mítà 7, ó gùn ju bọ́ọ̀sì kékeré lọ. Ọ̀fíntótó ni ẹranko yìí. Fúnra rẹ̀ ni í wá wo ènìyàn.

Láti ọdún 2003, ọkọ̀ tó bá gba ìwé àṣẹ nìkan ló lè kó àlejò lọ lúwẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀, ìwé àṣẹ náà sì níye. Awakọ̀ kò gbọdọ̀ lé ẹranko náà. Wọn a na okùn gígùn láti ara ọkọ̀ sínú omi, àwọn àlejò a sì di okùn náà mú, wọn a dúró jẹ́ẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Kí ni okùn wà fún? Ó ń dá ènìyàn dúró sójú kan, kí ìgbì omi má gbé e lọ, kí òun náà má sì lé ẹranko. Àbùùbùtán ni yóò pinnu bóyá òun yóò súnmọ́ tòsí tàbí òun yóò bá tirẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Báwo ni a ṣe mọ̀ pé òfin yìí tó? Ìwádìí ni. Láti àwọn ọdún 1990 ni àwọn onímọ̀ láti James Cook University ti ń bá àwọn ọlọ́kọ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ara àbùùbùtán kọ̀ọ̀kan ní àmì funfun àti dúdú tirẹ̀, bí ilà ojú. Fọ́tò tí àwọn àlejò bá yà, wọn a fi ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀, àwọn wọ̀nyí a sì mọ èyí tó padà wá lọ́dún kejì.

Wọ́n rí nǹkan kan tó yẹ fún àròjinlẹ̀: bí ẹranko náà bá ti ń mọ ènìyàn sí i, bẹ́ẹ̀ ni í ń súnmọ́ sí i. Ó dùn mọ́ àlejò, ṣùgbọ́n ẹranko tó tóbi tó báyìí lè ṣèèṣì pa ènìyàn lára. Ẹranko tí kò sì bẹ̀rù ọkọ̀ mọ́ kò lè mọ ọkọ̀ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ti ọ̀tá. Nítorí náà ìwádìí kò gbọdọ̀ dúró, òfin náà sì gbọ́dọ̀ máa tẹ̀lé ohun tí ìwádìí bá fi hàn.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ rántí pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ọwọ́ ènìyàn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ orúkọ àbùùbùtán di irọ́. Ọwọ́ ènìyàn kan náà, bó bá di okùn mú jẹ́ẹ́, ló lè mú kí orúkọ náà rò.