Bọ́tìnnì 'SAT' inú mọ́tò Tòkunbọ̀: Ẹ má fowó yín ra asọ̀rọ̀mágbèsì tó yadi!

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí oníṣòwò mọ́tò Tòkunbọ̀ bá fi bọ́tìnnì kan hàn yín, tí wọ́n kọ SAT tàbí SXM sí lára, tó ní, "Ọ̀gá mi, rédíò sátẹ́láìtì nìyí o, kò síbi tí ẹ ò ti ní í gbọ́ ọ!", ẹ rọra o. Ẹ má tìtorí ẹ̀ fi kọ́bọ̀ kan lé owó mọ́tò.

Ojú mi rí i. Mo gbé mọ́tò tèmi láti Èkó, mò ń fọ́nnu bọ̀ wálé. Láti Ìwó títí wọ Èjìgbò ni mo ń tẹ bọ́tìnnì yẹn, kò fọhùn. Rìwáyà àkọ́kọ́ ní éríà ló bàjẹ́, ó gbowó. Èkejì ní wáyà ni, òun náà gbowó. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé kò sóhun tó bàjẹ́ rárá! Sátẹ́láìtì tí rédíò náà ń wá kò sí lójú ọ̀run tiwa níbí ni.

Ẹ jẹ́ n là á yé yín. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ XM bẹ̀rẹ̀ rédíò sátẹ́láìtì lọ́dún 2001, Sirius tẹ̀ lé e lọ́dún 2002. Lọ́dún 2008, àwọn méjèèjì di ọ̀kan, wọ́n di SiriusXM. Apá Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún ni sátẹ́láìtì wọn dojú kọ. Láwọn ìlú ńlá tí ilé gogoro ti ń dí ohùn náà lọ́wọ́, wọ́n tún ri òpó mọ́lẹ̀ kó lè dé inú mọ́tò. Onímọ́tò sì tún ń sanwó lé e. Bí mọ́tò náà bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi, ó ti fi ohùn náà sílẹ̀ nìyẹn. Bọ́tìnnì lásán ló bá a dé Èkó.

Ṣé Áfíríkà ò wá ní tiẹ̀ rí ni? Ó ní in! Noah Samara, tí wọ́n bí ní Ethiopia, ló dá WorldSpace sílẹ̀ lọ́dún 1990. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1998, wọ́n ta sátẹ́láìtì AfriStar sókè, ó lé ní 35,000 kìlómítà sí ilẹ̀. Nígbà tó di 1999, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Hitachi, JVC, Panasonic àti Sanyo ló ṣe rédíò rẹ̀. Éríà pẹlẹbẹ kan wà lára ẹ̀ tó gbọ́dọ̀ kọjú sí sátẹ́láìtì gan-an. L'Éjìgbò níbí, apá ìlà oòrùn lèèyàn máa kọ ọ́ sí, kó wá gbójú ẹ̀ sókè dáadáa. Bí ògiri tàbí igi bá dí i, ó parí. Nǹkan inú ilé ni, kì í ṣe ti mọ́tò tó ń sáré. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún 2008, gbèsè gbé ilé iṣẹ́ náà dé kóòtù ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó yá, ó kógbá sílé, àwọn rédíò ọ̀hún sì di ère.

Ẹ lè ní kí ló kan ará Èjìgbò nínú eléyìí. Ẹ gbọ́ ná, agbo ilé wo ni kò lẹ́bí l'Ábíjàn? Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, wọ́n gé ohùn RFI, BBC àti Africa No 1 kúrò lórí FM l'Ábíjàn. Ẹni tí kò ní ju FM lọ, ohun tí wọ́n bá fẹ́ kó gbọ́ ló gbọ́. Ẹni tó ní shortwave tàbí sátẹ́láìtì ló ń gbọ́ tòdì kejì. Láàárín 2010 sí 2011, wàhálà ìbò tún pa bí 3,000 èèyàn níbẹ̀. Ìyá tọ́mọ ẹ̀ wà l'Ábíjàn nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, ṣé orin ló ń wá lórí rédíò ni?

Kí ni ká wá rà? Nínú ilé, ẹ ra rédíò tó ní FM, AM àti shortwave, tó ń lo bátìrì, iná mànàmáná àti sólà. FM ló máa gbé OSBC Òṣogbo wọlé. Shortwave ló ń fò kọjá ẹnubodè, nítorí ó máa ń ta lu ojú ọ̀run padà wálẹ̀, kò sì béèrè owó oṣù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ní díṣì tẹlifíṣọ̀n, ẹ kọ́kọ́ wo inú dìkódà yín dáadáa, rédíò lè wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ ò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò ńlá bá dé, ó lè dákẹ́ o.

Nínú mọ́tò, FM tó dé 108, ojú USB àti Bluetooth ti tó. Ẹ lè fi fóònù gbọ́ rédíò Àbíjàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí dátà àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà. Bí AM ò bá mọ́lẹ̀, ẹ má tíì ju rédíò nù: ti Amẹ́ríkà ń ka mẹ́wàá-mẹ́wàá, tiwa ń ka mẹ́sàn-án-mẹ́sàn-án. Ẹ ní kí rìwáyà wò ó bóyá ó ṣeé yí padà.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n tan án lójú yín. Ẹ bi wọ́n: sátẹ́láìtì wo ló ń gbà? Ṣé ó dé ọ̀dọ̀ wa? Ta là ń sanwó oṣù fún? Bí ẹnu òǹtajà bá ń kọ́ lórí ẹyọ kan, ẹ kọjá lọ.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹ má fi etí yín sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀yin tí bọ́tìnnì SAT ti jẹ lówó bíi tèmi, ẹ kọ lẹ́tà sí wa, ká jọ kẹ́dùn, ká jọ rẹ́rìn-ín.