Ọkùnrin Lójú Agbo Ijó Ìbàdí

Ní oṣù Okúdù ọdún 1834, Muhammad Ali Pasha tó ń ṣàkóso Íjíbítì pàṣẹ pé obìnrin kankan kò gbọdọ̀ jó fún owó mọ́ nílùú Káírò. Ẹgba àádọ́ta ni ti ẹni tí ọwọ́ bá kọ́kọ́ tẹ̀. Bí ó bá tún dán an wò, iṣẹ́ àṣekára ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń dúró dè é. Àwọn obìnrin oníjó ìbàdí tí wọ́n ń pè ní ghawazi kó ẹrù wọn, wọ́n gba ìhà gúúsù lọ sí Esna, Qena àti Aswan. Ìjọba pàdánù owó orí tó ń gbà lọ́wọ́ wọn, àmọ́ àwọn aṣáájú ẹ̀sìn tó ti ń pariwo látọjọ́ yìí rí ohun tí wọ́n fẹ́.

Ṣùgbọ́n ariyá kò tán nílùú. Wọ́n ṣì ń gbéyàwó, wọ́n ṣì ń kọlà fọ́mọ, onílù ṣì wà níkàlẹ̀. Ọkùnrin ló bọ́ sójú agbo.

Khawal ni wọ́n ń pe àwọn ọkùnrin wọ̀nyí. Kì í ṣe òfin ló dá wọn sílẹ̀, wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀. Òfin náà kàn sọ ọjà wọn di èyí tó ń tà wàràwàrà ni. Edward Lane, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ní Káírò láwọn ọdún yẹn, kọ nípa wọn nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1836. Mùsùlùmí ni wọ́n, ọmọ bíbí ilẹ̀ Íjíbítì. Wọ́n ń jẹ́ kí irun orí wọn gùn, wọ́n á sì dì í. Wọ́n ń fa irun àgbọ̀n tu, wọ́n ń lé tìróò, wọ́n ń fi làálì kun ọwọ́. Aṣọ wọn dà bí ti ọkùnrin lápá kan, ó dà bí ti obìnrin lápá kejì: ẹ̀wù fífún lókè, ọ̀já nídìí, yẹ̀rì nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá ń lọ ní ìgboro láìjó, wọ́n a máa fi ìbòjú bojú bíi ti àwọn obìnrin ìlú.

Ìdí tí àwọn èèyàn fi ń pè wọ́n sóde ló yẹ ká fara balẹ̀ gbọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ará Káírò ń sọ nígbà náà, bí Lane ṣe ròyìn rẹ̀, ni pé kò sí àléébù nínú ijó náà fúnra rẹ̀. Àléébù tó wà níbẹ̀ kò ju pé obìnrin ń fi ara rẹ̀ han ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ ìtìjú sílé rẹ̀ á pe ọkùnrin kó wá jó ijó kan náà. Lójú wọn, ọkùnrin ló bá ìwà ọmọlúàbí mu jù! Lónìí, èébú tí wọ́n fi ń bú ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ni ọ̀rọ̀ náà, khawal, ní Íjíbítì.

Tọ́kì náà ní ọkùnrin oníjó tirẹ̀. Nígbà ayé àwọn ọba Òtómánì, àwọn köçek, ìyẹn ọmọkùnrin tí wọ́n ń kọ́ níjó láti kékeré, ń wọ yẹ̀rì jó láàfin àti nílé ọtí Istanbul, akéwì sì ń kéwì fún ẹwà wọn. Kò yẹ ká fi òyin sí ọ̀rọ̀ yìí: ọmọdé ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn àgbàlagbà tó ń wò wọ́n sì ń fi wọ́n ṣe ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ wọn. Ìyẹn ni ìwà tó yẹ kí a bu ẹnu àtẹ́ lù. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìjọba fòfin dè wọ́n, ọ̀pọ̀ sì ré kọjá sí Íjíbítì. Síbẹ̀, ní agbègbè Kastamonu ní àríwá Tọ́kì, àgbà ọkùnrin tó wọ yẹ̀rì ṣì ń jó köçek níbi ìgbéyàwó, tọmọdé tàgbà ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Báwo wá ni ijó ìbàdí ṣe di ti obìnrin nìkan lójú ayé? Ilé ìgbafẹ́ àti sinimá ló ṣe é. Ní 1926, Badia Masabni ṣí ilé ijó rẹ̀ sí Káírò, ibẹ̀ sì ni Tahia Carioca àti Samia Gamal ti dìde di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú fíìmù. Aṣọ méjì tó ń dán yinrin, tí ikùn hàn láàárín, di aṣọ iṣẹ́. Nígbà tí Mahmoud Reda, tó ti ṣojú Íjíbítì nínú eré ìdárayá jimináásíìkì ní Òlíńpíìkì Helsinki ní 1952, dá ẹgbẹ́ oníjó rẹ̀ sílẹ̀ ní 1959, ó kó ọkùnrin padà sórí pèpéle. Ọ̀pá, ìfò àti ìgboyà ló fún wọn; ìbàdí rírọ̀, ó fi í sílẹ̀ fún àwọn obìnrin. Ẹgbẹ́ náà gbayì káàkiri ayé, iṣẹ́ ńlá sì ni Reda ṣe, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kó dà bíi pé bí ọkùnrin Íjíbítì ṣe ń jó látayébáyé nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀, ẹ lọ síbi ìgbéyàwó èyíkéyìí ní àdúgbò mẹ̀kúnnù Káírò, ẹ ó rí ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń ju ìdí sọ́tùn-ún sósì. Kò sí ẹni tó máa bínú. Ìgbà tí ọkùnrin bá múra fún ijó náà tó sì gba owó ni ariwo máa ń sọ. Ohun tó fà á kò jìnnà: obìnrin tó fi ijó ìbàdí ṣiṣẹ́ ṣe náà kò níyì. Wọ́n á pè é síbi ìgbéyàwó ọmọ wọn, wọn ò ní jẹ́ kí ọmọ wọn fẹ́ ẹ. Ìtìjú tí wọ́n ti gbé lé obìnrin yẹn lórí ni wọ́n ń rí lára ọkùnrin tó bá ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan náà ni ẹ̀gàn méjèèjì.

Ijó náà fúnra rẹ̀ kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Orúnkún ló ń ṣiṣẹ́ jù. Oníjó á rọ̀ ọ́ díẹ̀, á máa nà án lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀tún, òsì, kíákíá, títí ìbàdí á fi máa gbọ̀n bí ẹni pé kò sí lára ẹni tó ni í. Àyà àti èjìká á dúró jẹ́ẹ́. Ìlù darbuka ń sọ̀rọ̀, idẹ pẹlẹbẹ tó so mọ́ ìka ń dá a lóhùn. Tito Seif, ọmọ Íjíbítì tó gbajúmọ̀ ní àwọn òtẹ́ẹ̀lì Sharm el-Sheikh, ń ṣe gbogbo rẹ̀ nínú jàlámíà, pẹ̀lú ìborùn tó so mọ́ ìdí àti ọ̀pá lọ́wọ́. Obìnrin láti ilẹ̀ òkèèrè ń sanwó kó lè kọ́ wọn.

Ní Lẹ́bánónì, nǹkan kò rọrùn bẹ́ẹ̀ fún Alexandre Paulikevitch, tó ń jó ijó yìí lórí ìtàgé ní Beirut. Ó fi èébú tí wọ́n ń sọ lù ú ní títì ṣe iṣẹ́ kan tó pè ní Tajwal. Ní Tọ́kì, fíìmù Zenne tó jáde ní 2011 sọ ìtàn ọkùnrin oníjó kan àti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ikú Ahmet Yıldız, tí wọ́n yìnbọn pa ní Istanbul ní 2008 nítorí pé ó ń fẹ́ ọkùnrin, ló bí fíìmù náà.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí Yorùbá. Ẹlẹ́gùn Ṣàngó ń dirun bí obìnrin, ó ń wọ wàbì tó ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀ bí bàtá bá ti ń dún, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ bi í bóyá ọkùnrin ni.

Nítorí náà, bí fídíò ọkùnrin tó ń jó ijó ìbàdí bá dé orí fóònù yín, ẹ má kọ́kọ́ gbé èébú. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ gbọ́ bó ṣe ń tẹ̀ lé ìlù. Bí kò bá mọ̀ ọ́n jó, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá mọ̀ ọ́n, ẹ yìn ín bí ẹ ṣe ń yin obìnrin tó mọ̀ ọ́n.