Ẹ̀RỌ LÉSÀ TÓ Ń FÍN ORÚKỌ SÁRA ỌJÀ: BÍ IṢẸ́ Ẹ̀ ṢE LÈ DÁA

  

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lóṣù yìí ni ti ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní lésà, èyí tó ń fi iná fín orúkọ àti àwòrán sára igi, igbá àti awọ. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kọ orúkọ sára ẹ̀bùn ayẹyẹ, ọ̀dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ ńlá ló máa gbé e lọ. Ní báyìí ẹ̀rọ náà ti kéré débi tó fi ń jókòó sórí tábìlì, àwọn ọmọ wa sì ti ń rà á. Àwọn tó ń ta ṣíbí onígi, ọpọ́n, igbá, báàgì àti bẹ́líìtì nínú wa ń bèèrè pé ṣé káwọn náà ra ọ̀kan. Kò burú. Àmọ́ ẹ̀rọ tó ń fi iná ṣiṣẹ́ ni, ọjà oníbàárà ló sì ń wà lábẹ́ ẹ̀. Tó bá bà á jẹ́, àwa la máa san án. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n là á yé wa díẹ̀díẹ̀.

KÍ LÓ Ń JẸ́ LÉSÀ?

Ìmọ́lẹ̀ ni lésà, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n kó jọ sójú kan ni. Ẹ rántí bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá gba oòrùn sórí bébà. Tí wọ́n bá gbé gíláàsì yẹn sókè jù, bébà ò ní jó. Tí wọ́n bá gbé e wálẹ̀ jù, kò ní jó. Ibì kan wà láàárín tí oòrùn yẹn á di ẹyọ kan bí orí abẹ́rẹ́, kíá, bébà á ti máa rú èéfín. Bí lésà ṣe ń ṣe náà nìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni Theodore Maiman, ará Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ ṣe èyí tó ṣiṣẹ́, lọ́dún 1960. Nínú àwọn ẹ̀rọ kékeré orí tábìlì tòde òní, èyí tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ jẹ́ búlúù ló pọ̀ jù. Kọ̀ǹpútà tàbí fóònù ló ń sọ ibi tó máa rìn fún un.

Ẹ ṢỌ́RA NÍBI RÍRÀ

Ẹ máa rí 40 wáàtì tàbí 80 wáàtì tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí. Ẹ má tíì dunnú. Lọ́pọ̀ ìgbà, iye iná mànàmáná tí ẹ̀rọ náà ń jẹ ni wọ́n kọ yẹn, kì í ṣe agbára tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀. Èyí tó ń jáde lè má ju 5 tàbí 10 lọ. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn wọn ẹja pọ̀ mọ́ yìnyín, tó wá ní ẹja ni gbogbo ẹ̀. Ìbéèrè tẹ́ ẹ máa bi ẹni tó ń tà á nìyí: "Wáàtì mélòó ló ń jáde lẹ́nu iná?" Tí kò bá lè dáhùn, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Fún orúkọ àti àwòrán lórí igi, 5 wáàtì tó ń jáde lẹ́nu iná tó o. Ẹni tó bá fẹ́ máa gé púláíwúùdù tín-ín-rín pẹ̀lú, kó wá owó 10.

OHUN MẸ́TA TÓ Ń MÚ KÍ IṢẸ́ DÁA

Èkíní ni ojú iná, tí àwọn ọmọ ń pè ní focus. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe yẹ kí ẹnu iná ga tó sí ara igi. Wọ́n sábà máa ń fi irin pẹlẹbẹ kékeré kan sínú páálí tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ má jẹ́ kí irin yẹn sọnù. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ ọjà tó wà lábẹ́ ẹ̀, ẹ tún un wọ̀n, torí ọpọ́n kan nípọn ju èkejì lọ. Tí ìkọ̀wé bá ń fẹ̀, tí kò mú, ojú iná ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ẹ má tíì fi kún agbára.

Ìkejì ni eré tó ń sá, ìkẹta ni agbára iná. Àwọn méjèèjì yìí, ìbejì ni wọ́n. Ẹ wo áyọ́ọ̀nù. Tí áyọ́ọ̀nù bá gbóná tẹ́ ẹ sì ń fà á yára, aṣọ ò ní jó. Tó bá gbóná tẹ́ ẹ wá dúró lójú kan, léèsì yẹn ti lọ nìyẹn. Tí kò bá gbóná tẹ́ ẹ sì ń sáré, aṣọ ò ní nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni lésà. Tí lẹ́tà bá dúdú jù tó ń jó wọnú, ẹ fi kún eré tàbí kẹ́ ẹ dín agbára kù. Tó bá rọ̀ jù, ẹ dín eré kù. Ẹyọ kan ni kẹ́ ẹ máa yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá yí méjèèjì pa pọ̀ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Ẹ TỌ́ Ọ WÒ KẸ́ Ẹ TÓ BÙ Ú FÁLEJÒ

Kò sí ìyàwó ilé tó máa gbé ọbẹ̀ fún àlejò láì tọ́ iyọ̀ ẹ̀ wò. Ẹ wá àjákù igi kan náà tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣiṣẹ́. Ẹ ní kí ẹ̀rọ fín àpótí kéékèèké 25 sórí ẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1 ní gígùn àti ní ìbú, márùn-ún lọ síwájú, márùn-ún wá sísàlẹ̀. Bó ṣe ń lọ síwájú ni kí agbára máa lọ sókè: ìdá 20 nínú 100, 40, 60, 80, títí dé 100. Bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni kí eré máa pọ̀ sí i: mìlímítà 1000 ní ìṣẹ́jú kan, 2000, 3000, 4000, 5000. Kò gbà ju bí ìdajì wákàtí lọ. Tó bá parí, ẹ wo èyí tó dúdú dáadáa tí etí ẹ̀ mọ́, òun lẹ máa lò. Ẹ kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ àpótí kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ so igi náà kọ́. Irú igi kọ̀ọ̀kan ló máa ní tiẹ̀. Èyí tó ṣe dáadáa lórí àrẹ̀rẹ̀ ò ní ṣe bákan náà lórí ìrókò.

Ìlà sí ìlà tún ń bẹ níbẹ̀. Bí ẹní tí wọ́n hun ni ẹ̀rọ ṣe ń kọ̀wé, ìlà kan tẹ̀ lé èkejì. Ẹ fi àlàfo ìdá 1 nínú 10 mìlímítà sí àárín wọn. Tó bá há ju bẹ́ẹ̀ lọ, iná á máa jó ibi tó ti jó, iṣẹ́ á sì pẹ́.

ÈYÍ TÓ GBÀ Á ÀTI ÈYÍ TÍ KÒ GBÀ Á

Igi tó funfun ló dáa jù, bí àrẹ̀rẹ̀ àti afárá, torí ìkọ̀wé á hàn ketekete. Ìrókò ti dúdú díẹ̀ fúnra ẹ̀, lẹ́tà ńlá ni kẹ́ ẹ kọ sí i. Igi tútù ò dáa, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ má fi òróró pa á kẹ́ ẹ tó fín in, ẹ̀yìn iṣẹ́ ni ti òróró. Kí èéfín má bàa kun ojú igi, ẹ lẹ téèpù onípépà tí àwọn tó ń kun mọ́tò máa ń lò mọ́ ọn, kẹ́ ẹ fín in gba orí téèpù, kẹ́ ẹ wá ṣí i kúrò.

Igbá gbà á dáadáa, àmọ́ ó yípo, ojú iná ò sì lè bá gbogbo ara ẹ̀ mu. Ẹ mú igbá tí ìbú ẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 24. Tí iṣẹ́ náà ò bá fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ibi tó ga jù fi bíi mìlímítà 3 ju ibi tó rẹlẹ̀ jù lọ. Tẹ́ ẹ bá wọn ojú iná sí àárín méjèèjì, ó máa ṣe é. Tẹ́ ẹ bá ní kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, ìyàtọ̀ yẹn á di mìlímítà 11, etí iṣẹ́ á sì pòkúdu. Nítorí náà, orúkọ kékeré ni kẹ́ ẹ gbà lórí igbá. Ẹni tó bá fẹ́ ọnà tó jinlẹ̀ yí igbá po, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fọwọ́ fín igbá l'Ọ́yọ̀ọ́ ni kẹ́ ẹ júwe fún un. Lésà ò lè gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ ọ̀bẹ.

Awọ gidi, awọ màlúù tàbí ti ewúrẹ́, gbà á. Rẹ́síìnì ni kẹ́ ẹ sá fún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta báàgì, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Rọ́bà PVC ló pọ̀ nínú rẹ́síìnì. Tí lésà bá jó o, gáàsì olóró tó dà bí ásíìdì ló ń jáde. Ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì ń jẹ irin ẹ̀rọ. Báàgì tí ò bá dá yín lójú pé awọ ni, ẹ má gbé e sábẹ́ ẹ̀, bó ti wù kí oníbàárà bẹ̀ yín tó.

Pásípẹ́sì tó mọ́ gaara, tí a lè wò já, kò gbà á. Ìmọ́lẹ̀ búlúù á gba inú ẹ̀ kọjá ni. Ẹ̀rọ ńlá onígáàsì ló ń ṣe ìyẹn. Pásípẹ́sì dúdú gbà á. Kọ́ọ̀bù irin tí wọ́n kùn náà gbà á, lésà á ṣí ọ̀dà kúrò, irin funfun á sì hàn. Irin tó ń dán gbinrin láìní ọ̀dà, ẹ fi í sílẹ̀, torí ó lè ta iná padà sí ojú èèyàn.

ORÚKỌ YORÙBÁ ÀTI ÀMÌ Ẹ̀

Ibí yìí ló ti ń dìjà. Àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ kéré. Tí lẹ́tà bá kéré, àmì yẹn ò ní hàn, tàbí kó jó mọ́ lẹ́tà. Ẹ sì mọ̀ pé Ọlá àti Ọ̀la kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ rí i pé àmì abẹ́ lẹ́tà fẹ̀ tó ìdajì mìlímítà, ó kéré tán. Irú lẹ́tà míì wà nínú kọ̀ǹpútà tí kò ní àmì tiwa rárá, á kàn fi àpótí òfìfo síbẹ̀. Ẹ tẹ orúkọ sórí bébà, kí ẹni tó ni ayẹyẹ kà á, kó fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ tó fín ẹyọ kan. Bébà yẹn ló máa gbà yín sílẹ̀ tí ọ̀rọ̀ bá dé. Ọ̀dà ṣeé pa rẹ́, igi tó ti jó kò ṣeé tún ṣe.

Ẹ ṢÍRÒ ÀKÓKÒ KẸ́ Ẹ TÓ GBOWÓ

Orúkọ tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 8, tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 2, ìlà 200 ni ẹ̀rọ máa rìn. Tí eré ẹ̀ bá jẹ́ 3000, ó máa gbà ju ìṣẹ́jú 5 lọ. Ẹ pè é ní 7 pẹ̀lú ìgbà tó ń yípadà àti ìgbà tẹ́ ẹ̀ ń pààrọ̀ ṣíbí. Ṣíbí 100, ìṣẹ́jú 700, wákàtí 11 lé díẹ̀. Àmọ́ àwòrán tó kún sẹ̀ǹtímítà 10 ní gígùn àti ní ìbú máa gbà ju ìṣẹ́jú 33 lọ. Tí oníbàárà bá fẹ́ 100 ọpọ́n bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ sì ń fi wákàtí 8 ṣiṣẹ́ lóòjọ́, ó ju ọjọ́ 7 lọ nìyẹn. Ẹni tó gba irú iṣẹ́ yìí lọ́jọ́rú pé òun á kó o jáde ní sátidé, ìtìjú ló ń wá kiri. Ẹ máa bèèrè ọjà mẹ́ta sí márùn-ún lé sí i, torí èyí tó bá bàjẹ́.

Kí gbogbo ṣíbí lè bọ́ sójú kan náà, ẹ gé páálí tó nípọn bí ìrísí ṣíbí, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì, kẹ́ ẹ máa ki ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ̀ ọ́. Páálí yìí wúlò tí iná bá lọ pẹ̀lú. Tí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, ẹ̀rọ lè máà rántí ibi tó dé. Inú báńtìrì tàbí ìnfátà ló dáa kí ẹ̀rọ ti máa fa iná, torí iná ẹ̀ kò pọ̀. Jẹnẹrétọ̀ tó ń sín ò bá a mu.

OJÚ, ÈÉFÍN ÀTI INÁ

Ojú ò ní àpààrọ̀. Lésà lè fọ́ ojú kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Awò aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n ṣe fún ìmọ́lẹ̀ búlúù ni kẹ́ ẹ lò. Awò oòrùn tó wà lọ́jà wa kò lè dáàbò bo ojú lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ kó ẹ̀rọ náà sínú àpótí tí wọ́n ṣe fún un, kí àwọn ọmọ tó ń kọjá má bàa wò ó. Ẹ fi fáànù lé èéfín jáde síta. Ẹ máa fi òwú àti sípírítì nu gíláàsì kékeré tó wà lẹ́nu iná nígbà tí ẹ̀rọ bá ti kú, torí tí èéfín bá bò ó, agbára á dínkù, ẹ ó rò pé ẹ̀rọ ti gbó.

Èyí tó ká mi lára jù nìyí. Ẹ má fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń wò ó, ì báà jẹ́ láti lọ ra omi. Igi tó ń rú èéfín lè gbiná. A ò tíì gbàgbé iná tó jó ní Balógun l'Ékòó lóṣù kọkànlá ọdún 2019, àti bí òwò àwọn èèyàn wa ṣe wọmi lọ́jọ́ kan. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan lésà ní ìlà àwọn aláṣọ. Ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù tó dá dúró ni kó ti máa ṣe é, kí garawa yanrìn àti ohun tí wọ́n fi ń pa iná wà nítòsí. Tí iná bá sẹ́, ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà, kẹ́ ẹ tó pa á.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ yìí, kó kọ́kọ́ lọ jókòó ti ẹni tó ní i fún ọjọ́ méjì, kó wo gbogbo ohun tí mo kọ síbí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ní i, ẹ mú igi ìdánwò yín wá sí ìpàdé wa tó ń bọ̀, ká jọ wò ó, kí ẹni tó ń ta àrẹ̀rẹ̀ rí ti ẹni tó ń ta igbá.

Olúwa á bù sí òwò wa, a ò ní rí ìjà iná. Àṣẹ.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé ẹgbẹ́