Ta Ló Ní Àwọn Kan Ni A Bí Àtinúdá Mọ́?

Lọ́dún 1964, iná orí ìtàgé ni Jimoh Buraimoh ń bójú tó fún ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládípọ̀ ní Òṣogbo. Muraina Oyèlámì wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, ó ń ṣeré, ó ń lùlù. Ní ti Twins Seven-Seven, oníjó ni, àwọn tó ń polówó oògùn láti ìlú dé ìlú ló ń bá kiri. Ta ni ì bá pe èyíkéyìí nínú wọn ní ayàwòrán? Síbẹ̀, ọdún yẹn ni ayàwòrán Georgina Beier kó wọn jọ sí Mbárí Mbáyọ̀, ilé iṣẹ́ ọnà kan ní Òṣogbo, ó fún wọn ní ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn padà di ohun tí wọ́n ń pàtẹ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, débi pé ní 2005, UNESCO fi Twins Seven-Seven ṣe aṣojú àlàáfíà nídìí iṣẹ́ ọnà.

Ọ̀pọ̀ wa ni yóò sọ pé a bí àtinúdá mọ́ wọn ni, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá pàápàá kò kọbi ara sí i fún ìgbà pípẹ́. Ní 1950, J. P. Guilford ará Amẹ́ríkà bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wí pé nínú nǹkan bí 121,000 iṣẹ́ tí ìwé àkójọ wọn kà sílẹ̀ láàárín ọdún 23, 186 péré ló jẹ mọ́ àtinúdá. Lójú tirẹ̀, ẹni tó ń gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdánwò lè má mọ àrà kankan dá. Ìbéèrè irú èyí ni wọ́n fi ń dán àtinúdá wò: kí la lè fi bíríkì ṣe? Ẹni tó ní ilé nìkan la fi ń kọ́ kò tíì ronú jìnnà. Ẹni tó ní a lè fi ṣe ààrò, kí a fi dá ilẹ̀kùn dúró, kí a lọ̀ ọ́ ṣe ọ̀dà pupa, ọ̀nà tirẹ̀ là.

Ohun tí Teresa Amabile, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, rí ní 1982 ló yẹ kó ká wa lára jù. Ó ní kí àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún méje sí mọ́kànlá gé pépà aláràbarà, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí. Ó sọ fún àwọn kan pé ẹni tó bá ṣe dáadáa jù ló máa gba ẹ̀bùn. Ó sọ fún àwọn yòókù pé kèké ni wọn yóò fi pín in. Nígbà tí àwọn oníṣẹ́ ọnà yẹ iṣẹ́ náà wò, ti àwọn tó ń du ẹ̀bùn kò ní àrà tó ti àwọn tó kàn ń ṣeré.

Ní Mbárí Mbáyọ̀, kò sí máàkì, kò sí ipò kejì, kò sì sí àwòrán òyìnbó tí wọ́n ní kí wọ́n dà kọ. Georgina á wo ibi tí ọwọ́ olúkúlùkù bá tẹ̀ sí, á sì wá irinṣẹ́ tó bá a mu fún un. Ìlẹ̀kẹ̀ ni Buraimoh mú. Ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti ń to ìlẹ̀kẹ̀ sí adé ọba. Òun tò ó sórí pákó, ó fi ọ̀dà kún un, ó di àwòrán. Ohun àtijọ́ ló gbé síbi tí ẹnikẹ́ni kò rò. (Nígbà tí oníbàárà pọ̀, àwọn kan ní Òṣogbo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tó ń tà nìkan, wọ́n ń tún un ṣe ṣáá. Kò ní ya Amabile lẹ́nu.)

Ara náà ń ran àtinúdá lọ́wọ́. Ní 2014, ìwádìí kan láti Yunifásítì Stanford fi hàn pé bí ènìyàn bá ń rìn, àrà tó ń ronú kàn fi nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ìgbà tó jókòó lọ, kódà bó jẹ́ orí ẹ̀rọ tó kọjú sí ògiri lásán ló ti ń rìn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí ọmọ má fi ìrìn ṣe àwáwí nígbà ìṣirò.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fún àwọn ọmọ ní wákàtí kan lọ́sẹ̀ tí wọn yóò fi ya ohun tó wù wọ́n, kí ẹ sì fi báírò pupa yín sápò.